Ohun Ìṣeré Tí Omi Kò Lè Dúró Sí

Nígbà tí ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí olú ní ìhà Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ obìnrin Agége tó ti ń ṣa obì tẹ́lẹ̀ fi obì sílẹ̀, wọ́n lọ ń gba owó oṣù. Ọmọ ló kọ́kọ́ dí wọn lọ́wọ́. Àwọn ìyá àgbà tí ì bá bá wọn tọ́jú ọmọ wà lọ́hùn-ún ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọdé ò sì gbọdọ̀ wọ ilé iṣẹ́. Bí Sùlíyá ṣe di ìyá gbogbo àdúgbò nìyẹn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, opó ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin, ó sì ní àgbàlá ńlá kan tí igi máńgòrò ṣíji bò. Láàárọ̀, àwọn obìnrin a já ọmọ sílẹ̀ fún un. Nírọ̀lẹ́, wọ́n a wá mú wọn. Àtọmọ àtìyá ló ń pè é ní Ìyá Àgbà.

Oúnjẹ wọn kò ni Sùlíyá lára, ẹkún wọn kò ni ín lára. Eré ni kò mọ bí òun yóò ṣe ṣe é. Ó pa àlọ́ títí àlọ́ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fún wọn ní ìkarahun ìgbín, wọ́n fọ́ ọ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa agolo bọ̀ láti ààtàn tí ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ń da ìdọ̀tí sí lẹ́bàá ojú irin, inú rẹ̀ dùn. Agolo di ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n so mélòó kan pọ̀, ó di ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń wọ́ ọ yí àgbàlá po. Èyí tí Sùlíyá bá rí nínú wọn, á kọ́kọ́ fi yẹ̀pẹ̀ àti omi fọ̀ ọ́ dáadáa kó tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Èyí tí kò rí ló ṣe jàǹbá. Ẹnìkan gbé e sẹ́yìn balùwẹ̀, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Òjò rọ̀, omi dúró sínú rẹ̀, omi náà pò mọ́ sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, tó máa ń jó ẹran ara, tó ti gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀. Ọláyínká, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, lọ bá a níbẹ̀. Ó já ewé sí i, ó fi igi rò ó, ó sì tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò bó ṣe máa ń rí ìyá rẹ̀ tó ń ṣe.

Sùlíyá gbọ́ igbe kan tí kò jọ igbe ọmọ tó ṣubú. Kó tó dé ẹ̀yìn balùwẹ̀, ètè ọmọ náà ti wú. Ó da epo pupa sí i lẹ́nu, ó pọ̀n ọ́n, ó sì sáré dé ojú títì láìwọ bàtà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó pákó ló gbé wọn dé ọsibítù ní Èkó. Bísí, ìyá ọmọ náà, wà níbi iṣẹ́ ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ń fi bébà wé ọṣẹ ní ilé iṣẹ́ kan náà tí agolo yẹn ti jáde wá. Nígbà tí ìròyìn kàn án tó sì sáré débẹ̀, Ọláyínká kò lè gbé itọ́ mì mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí kó tó kú.

Àwọn àgbà ìjọ Aládùúrà tí Bísí àti Gbénró ọkọ rẹ̀ ń lọ ló sin ọmọ náà. Wọn kò jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọmọ bá ṣáájú òbí lọ. Nígbà tí Sùlíyá lọ kí wọn, ẹnu ọ̀nà ni Gbénró ti pàdé rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ìdí ẹ̀rọ ní pápá ọkọ̀ òfurufú ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ó ní, “Ìyá Àgbà, ẹ máa padà sílé. A ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká rí yín.”

Sùlíyá padà sílé.

Àwọn obìnrin kó ọmọ wọn lọ. Àwọn kan bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, àwọn mìíràn kò yà síbẹ̀ mọ́ rárá. Ràbíátù nìkan ló ṣì ń mú ọmọ tirẹ̀, Nùréènì, wá, nítorí kò ní ẹlòmíràn tó lè fi í tì. Sùlíyá ti kó gbogbo ohun tó wà ní àgbàlá dànù: agolo, igi, òkúta, títí kan àwókù ìkòkò tí adìyẹ fi ń mu omi. Nùréènì a jókòó sórí ẹní láti àárọ̀ dalẹ́ bí àgbàlagbà tó ń ṣọ̀fọ̀. Kì í sunkún, kì í béèrè nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa yẹ̀pẹ̀ jẹ.

Ràbíátù ní, “Ìyá Àgbà, ọmọ yìí ò ráhùn sí mi o. Ṣùgbọ́n ó ti ń dákẹ́ jù. Nílé náà, ńṣe ló ń jókòó.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Sùlíyá lára. Ó rí i pé gbígbá tí òun gbá ilé mọ́ kò tó. Ọmọ tí kò ṣeré kò yàtọ̀ sí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, ó wọ ṣọ́ọ̀bù òyìnbó kan ní Màrínà níbi tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré ọmọdé. Ó rí ọmọláńgidi olójú búlúù, ó rí mọ́tò pupa kékeré tí wọ́n fi páànù ṣe. Ó gbé mọ́tò náà, ó fi ìka tẹ etí rẹ̀, ó mú bí abẹ. Lẹ́yìn náà ló gbé e dé ẹnu, ó sì fi ahọ́n lá a.

Ọmọkùnrin tó ń ta ọjà, tó de táì mọ́rùn, sáré wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. “Màmá, a kì í lá ọjà níbí.”

“Ta wá lẹ ṣe é fún?” ni Sùlíyá bi í. “Ẹnu ni ọmọdé fi ń mọ nǹkan. Bí mi ò bá lá a, ọmọ máa lá a.”

Ọmọkùnrin náà fi ọ̀nà ìta hàn án. Sùlíyá kò bínú, ó sì lọ, ọ̀dà pupa náà ń korò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi dé Agége.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Làsísì, káfíńtà tó ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun ń wá ohun tí ọmọdé máa fi ṣeré.

Làsísì ní, “Irú kí ni?”

“Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni mo mọ̀. Má kùn ún lọ́dà. Má kan ìṣó mọ́ ọn. Má ṣe é kéré débi tó máa wọ ọ̀nà ọ̀fun. Má jẹ́ kó ní igun tó mú. Kò sì gbọdọ̀ sí èyí tí omi lè dúró sí nínú rẹ̀.”

Làsísì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, gbogbo Agége ló mọ̀ ọ́n. Kò bi í léèrè mọ́. Ó kó àjẹkù pákó rẹ̀ jọ, wọ́n sì jọ ń rò ó. Sùlíyá a sọ ohun tó ti rí lára àwọn ọmọ: pé wọ́n fẹ́ràn láti to nǹkan léra kí wọ́n sì bì í wó, pé wọ́n fẹ́ràn ohun tó bá ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, pé wọ́n lè máa da yẹ̀pẹ̀ láti ibì kan sí ibì kan láti àárọ̀ dọ̀sán. Làsísì gé pákó sí oríṣiríṣi, ó fá a títí ó fi ń dán. Ó gbẹ́ ìjàpá kan tó ní kẹ̀kẹ́ onígi mẹ́rin àti okùn. Bí ọmọ bá fà á, orí rẹ̀ a máa wọlé a sì máa jáde. Sùlíyá ra igbá wẹ́wẹ́, ó sì fi irin gbígbóná lu ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ihò, kí yẹ̀pẹ̀ lè máa dà bí òjò láti inú wọn. Kó tó kó ohunkóhun fún Nùréènì, ó lá gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Nùréènì kò fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ kejì, ó fa ìjàpá náà dé ìdí igi máńgòrò, orí rẹ̀ yọ síta, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín. Ràbíátù sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ọmọ méjì padà, lẹ́yìn náà mẹ́ta sí i. Àgbàlá tún ń pariwo. Sùlíyá kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Àárín wọn ló máa ń jókòó sí, ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ìyá ti mú ọmọ wọn lọ, ó rí Bísí lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Sùlíyá fẹ́ kúnlẹ̀, àgbàlagbà bí tirẹ̀. Bísí dì í lápá mú.

“Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá Àgbà. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Ẹsẹ̀ mi ló yà síbí. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà yín kí n tó rántí pé mi ò ní ẹni tí mo fẹ́ mú.”

Sùlíyá gbé àpótí fún un. “Jókòó, Bísí.”

“Màmá Yínká lẹ máa ń pè mí.”

“Ẹnu mi ò gbà á mọ́, ọmọ mi.”

“Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. Níbi iṣẹ́, wọ́n ti padà sí Bísí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí.”

“Màmá Yínká.”

“Ẹ ṣeun.”

Ó jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú igbá kan nílẹ̀, ó bu yẹ̀pẹ̀ sí i, ó ń wò ó bó ṣe ń dà jáde. Ó tún bù ú. Ó yí igbá náà padà, ó sì fi ìka kan àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ lu gbogbo wọn?”

Sùlíyá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bísí gbé igbá náà sórí itan rẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, omijé ń bọ́ sínú rẹ̀, ó sì ń jò gba inú ihò náà lọ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wá bẹ́ẹ̀ nígbà mélòó kan sí i. Kì í dé títí àwọn ọmọ á fi lọ tán. Sùlíyá á pè é ní Màmá Yínká, wọ́n á jọ jókòó. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Ràbíátù ló sọ pé Gbénró ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ti kó ìyàwó rẹ̀ lọ sí Òṣogbo, pé ọkùnrin náà kò lè gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin mọ́ kó má ronú kan ọmọ rẹ̀.

Ó pẹ́ tí Sùlíyá ń tọ́jú ọmọ ní àgbàlá náà. Tó bá gbọ́ pé ẹnìkan ti Òṣogbo dé, á béèrè bóyá ó mọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Bísí, Aládùúrà, bóyá ó ti tún bímọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.