Àyè Lára Kíndìnrín Ẹlírí

Bàtà rọ́bà tí Ọmọ Télọ̀ máa ń wọ̀ fọ àgò eku tẹ́lẹ̀ ṣì wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò dán an wò, ó fi ẹsẹ̀ fà á jáde díẹ̀. Ọlọ́gbọ́n kì í dúró kí òjò bẹ̀rẹ̀ kó tó wá agboòrùn. Ọ̀gá ti là á mọ́lẹ̀: bí ìlà rẹ̀ kò bá bá ti Bùrọ̀dá Onígíláàsì, ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mu, ìdí àgò ni yóò padà sí.

Iṣẹ́ wọn ni láti fi ọwọ́ fa ìlà yí ẹ̀yà ara ẹlírí ká lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ a máa ya àwòrán inú eku kékeré náà ní ìpele-ìpele, bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Ìlà wọn ni àwọn oníṣègùn fi ń mọ̀ bóyá oògùn tuntun mú kí kíndìnrín wú. Bí ọwọ́ méjì bá fa ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èwo ni kí a gbà gbọ́?

Ọ̀gá fún àwọn méjèèjì ní àwòrán kan náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọjú wo ti ẹnìkejì. Nígbà tí èsì dé, gbogbo kíndìnrín Ọmọ Télọ̀ ló tóbi ju ti Bùrọ̀dá lọ.

"Àbúrò, kí lo ń fún àwọn eku tìrẹ jẹ?"

"Ohun tí ẹ fi ń ṣahun sí tiyín ni, Bùrọ̀dá."

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ọmọ Télọ̀ tún wọn fà láìwo ti àkọ́kọ́. Ó fà wọ́n. Ìlà kejì sùn lé ìlà àkọ́kọ́ lórí bí ìbejì lórí ẹní kan.

"Èyí kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe," Ọ̀gá wí. "Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe kì í ṣì í ṣe bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sọ àwòrán yẹn di ńlá ká wò ó."

Wọ́n sọ ọ́ di ńlá. Ìlà Ọmọ Télọ̀ fi ìwọ̀n ìbú okùn òwú jìnnà sí etí kíndìnrín, yíká-yíká; ti Bùrọ̀dá há sínú. Ọmọ Télọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó mọ àyè yẹn dáadáa: láti kékeré ló ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fà á sórí aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ó pe ìyá náà lórí fóònù, ó sì gbé ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa fi àyè sílẹ̀ fún ojú rírán."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Aṣọ tó bá ti fún kò ní àtúnṣe. Kí lo ń gé?"

"Kíndìnrín eku ni mo ń yà, mà."

"Ta ni yóò wọ̀ ọ́?"

Ẹ̀rín pa Ọ̀gá pàápàá títí ó fi di tábìlì mú. Bùrọ̀dá náà jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ọ̀rá tó yí kíndìnrín ká ló ń ba òun, tí òun fi ń há ìlà mọ́ inú. Wọ́n fẹnu kò: orí etí gan-an ni ìlà yóò máa rìn, kì í ṣe ìta, kì í ṣe inú. Ní ọ̀sán, wọ́n fa ti àwọn eku mìíràn, ó sì ṣòro láti mọ ìlà ta ni èwo.

"Ó tó báyìí," ni Ọ̀gá wí. "A lè gba ẹ̀yin méjèèjì gbọ́."

Bùrọ̀dá nà sókè láti lẹ òfin tuntun náà mọ́ ògiri. Bọ́tìnnì kóòtù funfun rẹ̀ tó fún un já, ó yí lọ síbi bàtà rọ́bà. Ọmọ Télọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó mú bọ́tìnnì, ó sì ti bàtà náà títí ó fi kan ògiri.

"Ẹ bọ́ kóòtù yẹn wá, Bùrọ̀dá," ó ní. "Èyí gan-an ló yẹ kí wọ́n fi àyè sí."