Orin Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́

Màmá kò kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó kọjá lára Tinúọlá tó gbẹ́nu sí gbohùngbohùn, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó sì fa wáyà kíbọ́ọ̀dù yọ. Ìlù tó ti ń dún kùm-pa-kùm-pa láti àárọ̀ dákẹ́ lójijì. Ohùn Tinúọlá nìkan ló kù nínú yàrá, tó ń ké sí àwọn ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ pé kí wọ́n jáde wá jó.

"Ìgógó ti wọlé láti ọjọ́ mẹ́rin," ni Màmá wí. "Ta ló ń lu ìlù nínú ilé mi?"

Èdè Ọ̀wọ̀ ló kọ́kọ́ fi sọ ọ́. Nígbà tó rí i pé ọkùnrin tó jókòó ti rẹ́kọ́dà kàn ń wo ẹnu òun, ó tún un sọ ní Yorùbá tí àlejò lè gbọ́.

Láníyì ni ọkùnrin náà, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwòrán yíyà ní Pólì. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Kì í ṣe ìlù, ẹ̀rọ ni. Kò sí awọ, kò sí igi, kò sí ẹni tó ń lù ú."

"Kí ló ń dún nínú rẹ̀?"

"Ó ń dún bí ìlù, Màmá."

"Ìlù náà ni."

Láníyì wo Sylvanus pé kó gba òun. Sylvanus ló ni kíbọ́ọ̀dù, òun náà ló ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ akọrin Tinúọlá ní ìjọ Kátólíìkì. Ṣùgbọ́n ọmọ Òkèlúsè ni, ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní èèwọ̀ ìlú. Ó tẹjú mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

A kì í kọ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ ní èyí. Bí Ìgógó bá ti wọlé lóṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ìlù fi ń sinmi. Agogo nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn olóyè ọkùnrin á dirun bí obìnrin, wọ́n á kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, wọ́n á jó káàkiri, agogo á sì máa dá wọn lóhùn. Ohun tó ń bí Tinúọlá nínú ni pé òun fúnra rẹ̀ ló mú ọjọ́ tí wọ́n máa gba orin náà sílẹ̀. Nígbà tí Láníyì béèrè ọjọ́ tí àyè máa gbà á, kàlẹ́ńdà ìjọ tó wà lára ògiri ló gbójú sókè wò. Ó rí ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́ níbẹ̀, ó rí ọjọ́ ìpàdé àwọn ìyá, kò rí Ìgógó. Ta ló máa kọ Ìgógó sórí kàlẹ́ńdà ìjọ? Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀wọ̀ wo ló ń wo kàlẹ́ńdà kó tó mọ̀?

"Màmá, ẹ ṣàánú mi," ló wí. "Ọ̀la ni ọkọ̀ ń lọ."

"Kó máa lọ ire," ni Màmá dáhùn, ó sì jáde.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lọ́dún 1993 ni Láníyì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán kan lé òmíràn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún bébà, kí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọ́n yà lè máa rìn, kí wọ́n máa fò nínú fíìmù. Ìtàn ẹbí ọ̀kẹ́rẹ́ kan ni, tí wọ́n gé igi ilé wọn lulẹ̀, tí wọ́n ń wá ibòmíràn gbé. Ní àárín fíìmù náà, ìyá ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ jáde nínú ihò tí ẹ̀rù ti kó wọn sí. Tinúọlá ló kọ orin tó fi ń pè wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí tó ń ṣe agbátẹrù fíìmù náà l'Ékòó gbọ́ orin yìí, ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó ní ìlù rẹ̀ ló ń sùn. Ó wá fi kásẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́, èyí tí àbúrò rẹ̀ mú bọ̀ láti Niú Yọ́ọ̀kì. Àwọn ọ̀dọ́ Pànámà àti Puẹto Ríkò ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń fi èdè Sípéènì pariwo lórí ìlù règé tí wọ́n ti gún ní kẹ́sẹ́. Irú èyí ni kí ẹ fi sí i, ni Babáyẹmí kọ sínú lẹ́tà. Àwọn ọmọdé á jó. Bí orin náà kò bá sì bá ọkọ̀ àárọ̀ Sátidé dé, orin ọmọ Èkó kan wà nílẹ̀ tí òun máa lò.

Ọdún méjìlélógún ni Tinúọlá ti ń kọ́ni lórin nílé ẹ̀kọ́ girama. Ó ti kọ orin fún ìdíje eré sísá, ó ti kọ orin láti fi kí bíṣọ́ọ̀bù káàbọ̀, ó ti kọ orin láti fi sin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta sẹ́nu ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á gbàgbé. Èyí nìkan ló máa jáde kúrò l'Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára. Ó fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ dé ibi tó ń tì í lójú.

Àmọ́ ìlù inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn kò gbà fún un. Lójú rẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà lẹ́sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ló fi ń lépa rẹ̀, ìgbà gbogbo ló ń pẹ́ wọlé, Sylvanus á sì ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tún un mú látòkè." Àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ẹ̀ bá a mu. Àárọ̀ yìí náà ni Màmá wọlé.

"Ṣé Ìgógó dé Òkèlúsè?" ni Láníyì béèrè.

"Kò dé ọ̀dọ̀ wa, sà," ni Sylvanus wí. "Yàrá kan ṣófo nílé bàbá mi. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe kó ẹrù sínú Pijó Láníyì, tí wọ́n gba ọ̀nà Òse lọ. Ọ̀nà náà burú. Tinúọlá gbé kíbọ́ọ̀dù lé itan, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá já sí ló ń jẹ́ kó gún un ní igbáàyà. Láníyì kò sinmi ẹnu. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ìlù fi jẹ́ èèwọ̀, ó fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn olóyè máa ń dirun lóòótọ́.

"Wọ́n máa ń dì í," ni Tinúọlá dáhùn, ó kọjú sí fèrèsé.

Bàbá rẹ̀ máa ń di tirẹ̀. Olóyè ni kó tó kú. Lọ́dún tí Tinúọlá pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ láti ìlú mìíràn rí i lójú pópó, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tó dirun, tó kó iyùn sọ́rùn, tó ń jó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń rí iṣẹ́ fún ara rẹ̀ nínú yàrá ní gbogbo àkókò Ìgógó. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ ní láti wá iṣẹ́ mọ́. Ojú rẹ̀ ti mọ bí yóò ṣe kọjá lára ọdún náà láìrí i.

Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó dé Òkèlúsè. Wọ́n kí bàbá Sylvanus, wọ́n gbọn yàrá, wọ́n ta jẹnẹrétọ̀ jí. Sylvanus tú ẹrù, ó tún un tú.

"Wáyà dà?" ló bi Láníyì.

"Èwo nínú wáyà?"

"Ti kíbọ́ọ̀dù, sà. Èyí tí Màmá fà yọ."

"Ṣebí ìwọ lo ni ín. Mo rò pé o ti gbà á lọ́wọ́ wọn."

"Ẹ̀yin lẹ ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa gbà á."

Àwọn méjèèjì yíjú sí Tinúọlá.

"Ẹ má wò mí," ló wí.

Bẹ́ẹ̀ ó rí i kedere nígbà tí Màmá ń so wáyà náà mọ́ etí ìró. Ó rò pé ọkùnrin méjì kò lè máa bẹ̀rù àtigba wáyà lọ́wọ́ arúgbó. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Wọ́n ní kí wọ́n fi bátìrì sí kíbọ́ọ̀dù, ibi tí wọ́n ń ki bátìrì sí ti dípẹtà láti èṣí. Láníyì dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, ó ní òun á lù ú. Ó lù ú lóòótọ́, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́. Ibi tí Tinúọlá ti ń gbìyànjú láti kọrin sí i ni òjò ti dé sórí páànù, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń wí mọ́ fún odidi wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín, ṣùgbọ́n Tinúọlá kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ nínú òjò.

Wọ́n padà dé Ọ̀wọ̀. Oòrùn ti ń wọ̀. Màmá wà lórí àga gbọọrọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó gbé agogo sórí itan, ó ń lù ú wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ń ronú nǹkan mìíràn.

"Láníyì, ó ti sú mi," ni Tinúọlá wí. "Sọ fún Babáyẹmí kó lo ti ọmọ Èkó."

Láníyì lọ ṣí bùútù láti kó ẹrù jáde. Ọ̀kẹ́rẹ́ tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní orin.

Tinúọlá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó wú. Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

*Ẹ jáde, ẹ wá jó,*
*igi wó, àwa ò wó,*
*ẹ jáde, ẹ wá jó.*

Ó kọ ọ́ dópin, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà kejì ló tó mọ̀ pé òun kò pẹ́ wọlé. Ìrìn ẹni tó wọ bàtà lẹ́sẹ̀ kan yẹn gan-an ni agogo ń rìn, kó… kókó, kó… kókó, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú sì ń tẹ̀lé e lórí sìmẹ́ńtì. Láníyì dúró pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, èyí ló bí Tinúọlá nínú jù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún!

"Màmá," ló wí, "ta ló kọ́ yín ní ìyẹn?"

"Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ni. Láàárọ̀ tó bá ń múra, èmi ni mo máa ń lu agogo kó lè fi dán ẹsẹ̀ wò." Màmá kò dáwọ́ dúró. "Ìwọ lo máa ń tilẹ̀kùn."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ibi tí wọ́n ń gbé iyọ̀ sí.

Láníyì rọra sún mọ́ wọn. "Màmá, ṣé ẹ lè lu èyí fún wa nínú yàrá?"

Màmá wò ó, ó tú etí ìró, ó na wáyà sí Sylvanus. "Ṣé ẹ lè mú ìlù kúrò nínú ẹ̀rọ yín, kó ṣẹ́ku orin?"

"Ó ṣeé ṣe, Màmá. Bọ́tìnì kan péré ni," ni Sylvanus dáhùn.

"Ẹ ò sì sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀."

Agogo pọ̀ jù fún yàrá kékeré náà. Ó ń gba gbogbo ohùn tó wà níbẹ̀ jẹ. Nítorí náà wọ́n dá Màmá padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Sylvanus jókòó ti kíbọ́ọ̀dù, Láníyì tẹ rẹ́kọ́dà. Wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀kan.

"Babáyẹmí á ní kò sí ìlù níbẹ̀," ni Láníyì wí.

"Sọ fún un pé kò sí," ni Tinúọlá dáhùn.

Sylvanus fetí sí ohun tí wọ́n gbà, ó mi orí. Ó dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí, agogo ṣì ń wọlé jù. Kí n tilẹ̀kùn?"

Tinúọlá wo ilẹ̀kùn náà. Ilẹ̀kùn yàrá ìgbà èwe rẹ̀ ni, pákó lásán, àlàfo tó tó ìka mẹ́ta wà nísàlẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e kọ́. Ó ti fẹ̀yìn tì í láìmọye àárọ̀ tí bàbá rẹ̀ ń múra, tó di etí, tó ń ka ìwé àdúrà sókè. Kò tíì rò ó rí pé ilẹ̀kùn náà kò dí nǹkan kan.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí.

Ó gbé gbohùngbohùn sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbi tó ti lè rí apá Màmá tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró de ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ kó tó wọlé.