Fóònù Verna Kì í Dún Lẹ́ẹ̀mejì

Ọ̀gá mi, Garnet Toews, kò fẹ́ràn ètò kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Iṣẹ́ ètò náà ni pé kó máa pe gbogbo nọ́ńbà fóònù ìlú tó bá gbà wá síṣẹ́, kó wá módẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ti gbàgbé, ìyẹn àpótí tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí wáyà fóònù. Bí olè bá ṣáájú wa rí i, ó lè jókòó sí yàrá rẹ̀ kó ti omi gbogbo ìlú pa. Ìlú Thistle Bend, ní Manitoba ní Kánádà níbí, ti fọwọ́ sí i pé ká dán àwọn wò.

Nọ́ńbà kan ló fẹ́ ba tèmi jẹ́, nọ́ńbà ọ́fíìsì omi. Láàárọ̀, ètò mi ní èèyàn ló gbé e. Lọ́sàn-án, ó ní módẹ́ẹ̀mù ni. Mo ní kó tún un pè, ó ní èèyàn ni.

"Orysia, ètò rẹ yìí ti ń ṣarán," ni Garnet wí. "Tí kò bá mọ èyí tó fẹ́ sọ kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo máa pa á rẹ́, ká lọ ra ti àwọn tó mọṣẹ́."

Inú bí mi débi pé mi ò jẹ pẹrógì tí mo gbé wá fún oúnjẹ ọ̀sán tán. Mo wakọ̀ nínú yìnyín lọ sí ọ́fíìsì omi. Garnet náà tẹ̀ lé mi, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ìtìjú mi.

Obìnrin kan ṣoṣo la bá níbẹ̀, Verna Klippenstein, àgbàlagbà tó ń hun fìlà òwú. Kí n tó jókòó, ó ti ń sọ fún wa pé láti ọjọ́ tí òun ti débẹ̀, fóònù òun kò dún lẹ́ẹ̀mejì rí kí òun tó gbé e. Mo bi í pé tó bá lọ sílé ìtọ̀ ńkọ́. Ojú tì í. Ó ní tíì tí òun ń mu ló ń fà á.

Orí mi wú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kan fóònù, mo ṣí kọ̀ǹpútà tí mo gbé dání, mo sì ní kí ètò mi pe nọ́ńbà náà.

Fóònù dún. Verna jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀. Ó tún dún, Verna bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta ó fò dìde, Garnet fúnra rẹ̀ ló dì í mú léjìká.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, omi lè ti kún ilé ẹnì kan," ni Verna wí.

"Ẹ má gbé e, màmá," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀ yẹn."

Ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dákẹ́. Lábẹ́ ife tíì Verna, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Mo gbé ife náà kúrò, mo ká aṣọ òwú tó hun sí abẹ́ rẹ̀: módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ ni, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Verna ní òun rò pé wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ kí tíì òun má bàa tutù ni. Ẹ̀rín pa mí, ọkàn mi sì balẹ̀. Ètò mi kò purọ́ rárá: wáyà kan náà ni fóònù àti àpótí náà ń lò, bí Verna kò bá sì sí nítòsí láti gbé e, àpótí náà a gbé e. Garnet ń wo bàtà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ètò mi kì í pe nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Ó máa ń pè é láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ó sì máa ń ní sùúrù kó dún dáadáa.

Nígbà tí Garnet ń kọ ìròyìn tí a máa fún ìlú, ó bi mí pé kí ló ti ń dá olè dúró látọjọ́ yìí, nítorí àpótí náà kì í béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí kankan lọ́wọ́ ẹni tó bá pè é.

"Kọ ọ́ síbẹ̀," mo ní. "Verna, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, àyàfi tó bá mu tíì."