Adìẹ tí Ọ̀gá Ṣóbándé Fi Iná Pa

Kí n tó la ẹnu mi, mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá Ṣóbándé. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ìlú wa, Issaba, pé èmi Èjìdé kò mọ àgbà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ iná lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sakété. Òun ló dá mi sílẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé dìpúlómù, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mi, lé mi lọ́wọ́.

Ilé ìgbẹ̀bí wa ló dá ìjà sílẹ̀. Wáyà ìjọba kò tíì dé ibẹ̀, tọ́ọ̀ṣì sì ni Eugénie, agbẹ̀bí wa, ń lò. Mo ní n ó gbé pátákó tó ń gba oòrùn sórí òrùlé, kí bátìrì máa tan iná fún un. Ọ̀gá ní irọ́ ni, ẹ̀rọ amúnáwá òun nìkan ló lè ṣe é. Baálẹ̀ ní ká wá sọ tẹnu wa lọ́jọ́ ọjà, kí ìlú lè mú ọ̀kan.

Ọ̀gá kò fọ̀rọ̀ gùn. Ó gbé bátìrì kan bíi tèmi sórí tábìlì, ó mú adìẹ, ó fi wáyà méjì kàn án. Adìẹ náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

“Kúrán, iná oòrùn tí Èjìdé fẹ́ gbé sórí àwọn ìkókó yín rèé,” ó wí.

Àwọn ìyá gbá ọmọ wọn mọ́ra. Inú bí mi gidigidi. Ọ̀gá yìí kan náà ló pìtàn fún wa ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pé àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ ń ta iná di orogún ara wọn nítorí irú iná méjì, débi pé àwọn kan ń fi iná ẹlòmíì pa ajá lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, kí aráyé lè sá fún un. Ó fi wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní ọgbọ́n ọ̀lẹ ni.

Mo tọ wáyà adìẹ náà lọ. Kò dé ìdí bátìrì rárá. Ó gba abẹ́ tábìlì, ó gba ẹ̀yìn ògiri, ó lọ já sí ara ẹ̀rọ amúnáwá kan tó ń dún níbẹ̀, èyí tí Ọ̀gá ti sọ pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn òun ló wà fún. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo fa wáyà yọ, mo gbé e sókè kí gbogbo ọjà rí i. Mo padà sídìí tábìlì, mo nu ọwọ́ mi gbẹ, mo sì fi méjèèjì di orí méjì bátìrì náà mú, ọ̀tún lórí ọ̀kan, òsì lórí èkejì.

“Èmi rèé, n ò kú. Kúrán tèmi kò lè rìn jìnnà, mo gbà. Ṣebí yàrá kan péré ló ń lọ? Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ tiyín, kí ẹ di wáyà ẹ̀ mú.”

Kò dì í mú. Ta ló fẹ́ kú?

“Mo gba ìdásílẹ̀ tí mo fún ọ padà,” ó wí. “Láti Pobè dé Sakété, kò sẹ́ni tó máa fún ọ níṣẹ́ mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, n kò ní purọ́. Níbí, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá kọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Baálẹ̀ ní kí n kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo ní mo ti kúnlẹ̀ kí i, n kò ní kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lórí irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ pa.

Eugénie dìde. “Èmi ni mò ń gbẹ̀bí níbẹ̀, iná oòrùn ni mo mú. Èjìdé, lọ gbé àkàbà wá.”

Mo kọ́kọ́ yà sílé. Mo já dìpúlómù mi lára ògiri, mo mú un wá, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Ọ̀gá.

“Ẹ gbà, Ọ̀gá. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́ mi.”

Ó ń wò mí, ó ń wo ìwé náà, kò nawọ́. Mo gbé e lé e nítan, mo sì gun òrùlé ilé ìgbẹ̀bí lọ ṣe iṣẹ́ tó kọ́ mi.