Wáyà Tí Òjé Kò Kàn

Bí Ṣàmsúdéènì ṣe ká téèpù dúdú náà kúrò lára wáyà, ojú ibi tó so pọ̀ já sí méjì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹnu wáyà ọ̀hún ti jó dúdú. Ó tẹ̀ síwájú lórí ẹ́ńjìnì, ó fi èjìká dí ibẹ̀ kí ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ má baà rí i.

"Kí lẹ rí, Ẹ̀gbọ́n?" Suhail bi í.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Suhail. Ọjọ́ kejì rèé tí wọ́n sin bàbá rẹ̀, Alhaji Bùsàrí. Òun ló wa ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí bàbá kú, òun náà ló sì tẹ̀lé e láàárọ̀ yìí nígbà tí wọ́n wọ́ ọ wá sí ìsọ̀ Ṣàmsúdéènì ní Challenge, níbi tí Ṣàmsúdéènì ti ń ṣe iṣẹ́ iná ọkọ̀, iṣẹ́ ríwáyà, láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé epo ni? Ṣé epo inú kẹ́ẹ̀gì tí mo rà yẹn ló fà á?"

Ọmọ náà ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ tán. Ẹni tí yóò bá a fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ló ń wá. Ṣàmsúdéènì gbójú sókè, ó sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé:

"Ó lè jẹ́ epo. Epo inú kẹ́ẹ̀gì, ta ló mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn?"

Suhail mi orí. Kò sunkún. Ó rọra jókòó sórí táyà kan tó wà nílẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, Alhaji Bùsàrí fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ Jámánì aláwọ̀ eérú náà wá. Ọkọ̀ náà ń ta gìjàgìjà bó bá ń gun òkè. Àwọn kọ́ìlì rẹ̀, àwọn nǹkan kékeré mẹ́rin tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ń jó léraléra. Ṣàmsúdéènì ṣàlàyé fún un pé irú kọ́ìlì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dá ṣiṣẹ́. Àpótí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní amplifáyà ló ń fi agbára kún iná tó ń ti ọpọlọ ọkọ̀ bọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àpótí yẹn gan-an ló sì ti ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n kọ́ìlì tuntun wà ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, tó jẹ́ pé inú ara rẹ̀ ni amplifáyà tirẹ̀ wà. Ẹni tó bá ti fi ìyẹn sí i kò nílò àpótí àtijọ́ mọ́. Yóò yọ ọ́ sọ nù, yóò so àwọn wáyà tó ń wọ inú rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń jáde, kí iná máa kọjá tààrà. Ó ku wáyà ẹ́ẹ̀tì kan, èyí tó ń dá iná padà sára irin ọkọ̀, tí kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jọ máa lò; bí ó bá já, kò sí èyí tó máa ṣiṣẹ́ nínú wọn.

"Ṣé kò léwu ṣá?" Alhaji bi í.

"Kò léwu, Alhaji. Irú rẹ̀ tí mo ti ṣe kò lóǹkà."

Kò parọ́. Iṣẹ́ náà kò léwu bí èèyàn bá ṣe é pé. Gbogbo ojú ibi tí wáyà ti so pọ̀ ló yẹ kó fi òjé jó, kí ó má lè tú mọ́. Ó jó mẹ́rin nínú wọn. Ó ku ẹyọ kan, wáyà ẹ́ẹ̀tì, tí iná fi lọ. Irin òjé tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ wà nísọ̀ kejì tí ì bá lọ bẹ̀ wọ́n fún, ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ ni, Alhaji sì ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ nítorí ìrun. Ṣàmsúdéènì lọ́ wáyà náà mọ́ra, ó fi téèpù wé e. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí Alhaji bá yà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò jó o. Nígbà tó ṣíná sí ọkọ̀ náà, ó dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Alhaji rẹ́rìn-ín, ó gbàdúrà fún un pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó fọwọ́ rẹ̀ ṣe àṣìṣe.

Alhaji kò yà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ṣàmsúdéènì náà kò sì pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nílé wọn ní Àpáta, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Alhaji, òógùn bò ó. Suhail gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá rẹ̀, Alhaja Nàfísátù, gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Ní Dùgbẹ̀, láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọkọ̀ náà dákẹ́ lójijì. Suhail ṣíná títí, kò jí. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, wọ́n ń ṣépè. Nígbà tí kò rọ́nà gbé e gbà, ó pọn bàbá rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń sáré láàárín ọkọ̀, ìyá rẹ̀ ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láìwọ bàtà, títí onítakisí kan fi ṣílẹ̀kùn fún wọn lódìkejì títì. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, dókítà fọwọ́ kan ọrùn Alhaji lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì yíjú sí Alhaja.

Epo wọ́n lọ́sẹ̀ náà. Alhaja ti sọ fún Suhail pé kó lọ tò nílé epo. Suhail kò tò. Ẹ̀bá títì ló ti ra ti inú kẹ́ẹ̀gì. Níwájú òkú níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti kọjú sí i tó ní, "Epo tí o rà ló pa bàbá rẹ."

Nígbà tí Suhail kúrò nísọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ wá, Ṣàmsúdéènì fi òjé jó wáyà ẹ́ẹ̀tì náà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ó gbà á. Ó ṣíná, ọkọ̀ náà sì jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Dúpẹ́olúwa, mẹkáníìkì tí wọ́n jọ ń lo ọgbà náà, gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì, ó ń nu ọwọ́ bọ̀. Ó ju Ṣàmsúdéènì lọ ní ọdún mẹ́wàá, aládùúrà ni, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Wọ́n ní epo ló ba ọkọ̀ yìí jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, Bàbá Ìdùnnú."

"O ti fa epo inú rẹ̀ dà nù?"

Ṣàmsúdéènì mi orí pé rárá. Dúpẹ́olúwa tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì náà fún ìgbà díẹ̀. Kò ta gìjà, kò wúkọ́.

"Epo yẹn náà kọ́ ló ń jó yìí?" ó ní. Ó wo wáyà tí òjé rẹ̀ ṣì ń dán, ó wo ojú Ṣàmsúdéènì, ó sì ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sí èjìká. "Ẹnu mi kọ́ ni wọn ó ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹnì kan ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ."

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò bá Ṣàmsúdéènì jẹun ọ̀sán pọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ṣàmsúdéènì wọ agbádá funfun, ó wọkọ̀ lọ sí Àpáta. Oníbàárà rẹ̀ ni olóògbé. Bí kò bá lọ, wọn yóò béèrè rẹ̀. Ó jókòó lábẹ́ ìbòòji láàárín àwọn àfáà, ó ń ṣe àmín. Àfáà kan ní kí Ọlọ́run má fi ọwọ́ ẹnikẹ́ni ṣe ikú ẹlòmíì. Gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Ṣàmsúdéènì dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀.

Nígbà tó ń lọ, ó rí Suhail lódìkejì títì, níwájú ìsọ̀ kan tí wọ́n tì pa. Ó ti rù. Aṣọ tó wọ̀ wá sí Challenge ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"O ò wọlé?" Ṣàmsúdéènì bi í.

"Màmá ní àwọn ò fẹ́ rí mi, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Àgbówó ni mo wà." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin lẹ yẹ ọkọ̀ yẹn wò, wọn ó gbà yín gbọ́. Ẹ sọ fún wọn pé lóòótọ́ epo ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé epo náà ò dáa. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀."

"Màá bá ọ sọ ọ́," Ṣàmsúdéènì wí.

"Tí mo bá ti dijú, mò ń gbọ́ èémí Bàbá létí mi. Bí mo ṣe pọ̀n wọ́n yẹn, etí mi ni èémí wọn ń kàn. Mi ò mọ ìgbà tó dá."

Ṣàmsúdéènì sọ pé òun fẹ́ tètè wọkọ̀. Ó rìn títí ó fi kọjá ibùdókọ̀ tó yẹ kó dúró sí, kò sì mọ̀.

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Muslimah, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bí ìyẹn ṣe ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí jẹnẹrétọ̀ ìsọ̀ kejì. Muslimah gbé àwo kalẹ̀.

"Bàbá Shakirah, tí ẹ bá sọ ọ́, ṣé bàbá náà á jí?"

"Kò ní jí."

"Wọ́n lè fi ọlọ́pàá mú yín. Ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ wá fún yín? Ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Mo ti fi lé E lọ́wọ́. Ọrùn ọmọ yẹn ni mo bá a."

Muslimah fi etí ìró nu ojú, ó tún fa àwo ẹ̀wà mọ́ra. Kò ní kó lọ, kò sì ní kó má lọ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Ṣàmsúdéènì kan ilẹ̀kùn Alhaja Nàfísátù. Alhaja jókòó nínú pálọ̀, aṣọ opó lára rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ṣàmsúdéènì kò jókòó sórí àga tí wọ́n fi hàn án. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe epo."

"Kí ni kì í ṣe epo?"

"Ohun tó dá ọkọ̀ dúró ní Dùgbẹ̀. Èmi ni. Nígbà tí mo pààrọ̀ kọ́ìlì fún Alhaji, mo yọ amplifáyà, mo so wáyà rẹ̀ tààrà. Ọ̀kan wà tó yẹ kí n fi òjé jó, mi ò jó o. Iná lọ, mo sì kánjú. Òun ló já. Nígbà tí Suhail bi mí, mo rí i tó já lọ́wọ́ mi, mo sì ní ó lè jẹ́ epo."

Ìka Alhaja dúró lórí tẹ̀sùbáà. Lọ́dọ̀ aládùúgbò, wọ́n ń gún nǹkan lódó. Odó náà dún, ó dún, ó sì dákẹ́.

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n?"

"Mẹkáníìkì kan fura. Ìyàwó mi mọ̀. Bí ẹ bá ní ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo ti múra wá."

"Dókítà ò sọ fún mi pé kì bá tí kú," Alhaja wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó ní a pẹ́. Ohun tó sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A pẹ́." Ó wo ọwọ́ Ṣàmsúdéènì, àwọn ìka tí òróró ẹ́ńjìnì ti wọ̀ lábẹ́ èékánná. "Ọmọ tó pọ̀n ọ́n. Ọmọ tó sáré títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde nímú rẹ̀. Èmi ni mo sì la ẹnu sọ fún un pé òun ló pa á. Ọjọ́ kejìlá rèé tí mi ò bá ọmọ mi sọ̀rọ̀."

"Màmá, ẹ foríjì mí."

"Má tíì bẹ̀ mí. Mi ò tíì mọ ohun tí n ó sọ fún ọ. Ó lè jẹ́ ohun tí o ò ní fẹ́ gbọ́." Ó dìde, ó di ògiri mú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dúró. "O mọ ibi tó ń gbé ní Àgbówó?"

"N ó pè é, yóò júwe."

"Má pè é. Yóò sá. Bi ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ti pè mí rí, nọ́ńbà ọ̀rẹ́ náà wà lórí fóònù yìí. Lọ dá takisí dúró."

"Màmá, opó ni yín. Wọ́n á ní ẹ jáde."

"Kí wọ́n wí i."

Alhaja jókòó sẹ́yìn, Ṣàmsúdéènì jókòó síwájú. Láti Àpáta, wọ́n gba Dùgbẹ̀ kọjá, nítorí awakọ̀ kò mọ ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọkọ̀ ti máa ń dí, Alhaja fa ìborùn bo ojú, kò sì ṣí i títí wọ́n fi kọjá Ṣàngó.

Ilé alájà méjì kan ni, lẹ́yìn àwọn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ṣàmsúdéènì fẹ́ ṣíwájú lórí àtẹ̀gùn, Alhaja sì dá a dúró.

"Dúró síbí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ ọmọ mi. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́ tán, ìwọ náà ó wá sọ tìẹ lójú rẹ̀. Má sá."

"Mi ò ní sá, Màmá."

Ó ń gun àtẹ̀gùn náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń sinmi. Ṣàmsúdéènì gbọ́ tí ó kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọ́n ń kí i, ó ń dáhùn. Oòrùn kúrò lórí bàtà rẹ̀, ó bọ́ sára ògiri.

Ohùn ẹkún kan sọ lókè. Kò mọ ẹni tó ni ín nínú àwọn méjèèjì. Ó pẹ́ kó tó rọlẹ̀.

"Ṣàmsúdéènì!" Alhaja pè láti òkè. "Máa bọ̀."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó sì ń gòkè lọ.