Omi Awùjẹ

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ ní Ìlá ni mo ti ń ṣọ́ ìyá ọkọ mi, Màmá Ẹfúnróyè. Lọ́dún tí iná jó oko kòkó wa, ẹ̀wà wọ́n. Awùjẹ dúdú, irú ẹ̀wà kan tí Màmá gbìn sẹ́yìn ilé, la ń jẹ. Bó bá ti hó, Màmá á gbé ìkòkò lọ sí ìdí ọgbà, á da omi rẹ̀ sínú kòtò, á wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó jinná.

"Màmá, kí lẹ ń bò mọ́lẹ̀ yẹn?"

"Ìyàwó, bó o bá fẹ́ mu ún, lọ gbé igbá wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Ọmọ méjì ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, Tinúadé, ọmọ ọdún mẹ́ta, ló kù. Mo gba ààwẹ̀ pé kí Olúwa tú àṣírí obìnrin yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Màmá lọ sí Ọ̀rà, mo se awùjẹ fúnra mi. Mi ò da ẹ̀kán omi kan nù. Ààwẹ̀ ò jẹ́ kí n tọ́ ọ wò. Tinúadé jẹ àjẹyó.

Kò pẹ́ tó fi ń bì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Babáyẹmí, ọkọ mi, fi alùpùpù gbé wa lọ sílé ìwòsàn.

"Awùjẹ dúdú?" ni nọ́ọ̀sì bi wá. "Ṣé ẹ da omi rẹ̀ nù? Májèlé wà nínú ẹ̀. Àwọn àgbà máa ń bò ó mọ́lẹ̀ kí ewúrẹ́ má baà mu ún."

Ojú ọkọ mi le. "Ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí wọ́n tó jáde ni."

Nígbà tí Màmá fi máa dé ilé ìwòsàn nírọ̀lẹ́, ara ọmọ ti ń balẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí i, wọ́n pe oríkì rẹ̀: "Àjọkẹ́ mi."

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án," ni ọkọ mi wí. "Ẹ lọ kó ẹrù yín nílé mi."

Màmá wò mí. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ò dáná lówùúrọ̀ yẹn. Wọ́n yí padà. Ohun tí mo gbààwẹ̀ sí nìyẹn, ó ń jáde lọ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo di aṣọ wọn mú. "Bàbá Tinú, èmi ni mo sè é. Mi ò da omi rẹ̀ nù. Mo rò pé Màmá ń fi ṣe ọmọ mi ni."

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá ò wo ẹnì kankan nínú àwa méjèèjì.

"Gbé ọmọ fún mi ná," ni wọ́n wí.

Mo gbé e fún wọn. Síbẹ̀ ojú mi ò kúrò lára ọwọ́ wọn.