Àna Méjì Tó Ń Wo Ìlú Àtijọ́

Ní ọjọ́ kẹta tí ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì dé ìlú àtijọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé bàtà tuntun tó rà nítorí ìrìn àjò ń fún un bí ẹni tó ń bá a ṣọ̀tá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ì bá sọ fún? Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló ń mú un kiri, àgbà kò sì ní máa ráhùn ẹsẹ̀ lójú ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ búrẹ́dì ni àna yìí ń ṣe. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ló ń lọ sídìí ààrò, àárọ̀ ló ń wọlé. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ti ká a mọ́ ibi tó ti ń tòògbé tí búrẹ́dì fi jóná, ó sì ti kìlọ̀ pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, kó má wulẹ̀ padà wá. Ẹnu ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí oyún inú rẹ̀ kò jẹ́ kó lè jáde, ni Bàbá ti gbọ́. Ó gbọ́, ó mirí, ó káàánú, ó sì béèrè ibi tí wọ́n ń lọ lọ́la.

Ìtàn ìlú yìí ló fi na àìmọye ọmọ nígbà tó ń ṣe tíṣà. Ẹni tí kò mọ ọba tó mọ odi rẹ̀, pàṣán. Ẹni tó mọ ọba tí kò mọ ìyàwó ọba, pàṣán. Ó wá débẹ̀ tán, òkúta ló ń rí: òkúta gíga, òkúta kúkúrú, òkúta tí wọ́n fi okùn yí ká. Síbẹ̀, níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, Bàbá a gbé agbádá léjìká, a gbé àgbọ̀n sókè, àna a sì ya fọ́tò tí yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé kó tó gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Lójoojúmọ́ ni àna ń béèrè bóyá kò rẹ Bàbá, tó ń gbàdúrà nínú pé kó ní ó rẹ òun. Bàbá a ní àbí àna ló rẹ̀ ni. Àna a ní rárá o, ara òun le koko. Báyìí ni irọ́ méjì ṣe ń fa ara wọn lọ́wọ́ kiri ìlú.

Lọ́jọ́ yìí, ilé ìsìn ńlá kan ni wọ́n wọ̀, èyí tí àwọn èèyàn ń tò láti gun ilé ìṣọ́ orí rẹ̀. Bàbá wo àtẹ̀gùn náà, ọkàn rẹ̀ sunkún. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ jókòó wo àjà ilé. Àna jókòó tì í. Bàbá ń ṣàlàyé ọba tó kọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan wúwo já lù ú léjìká: orí àna ni. Oorun ti gbé e lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Ẹni tó bá sùn nígbà tí Bàbá ń kọ́ni nítàn mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí. Ọwọ́ Bàbá tiẹ̀ ti gbéra. Ó wá rí ìyẹ̀fun tó kù sétí ọmọkùnrin náà. Ó rántí ààrò tó ń dúró dè é nírọ̀lẹ́. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, kò sì mira.

Nígbà tí àna ta jí, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sáàárín bẹ́ǹṣì.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká gun òkè, àyè ṣì wà.”

Bàbá wo ẹnu ọ̀nà ilé ìṣọ́ náà títí.

“Ó ti rẹ̀ mí,” ló wí. “Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mú mi relé, ọmọ mi.”

Ọ̀rọ̀ náà ṣòro fà jáde lẹ́nu rẹ̀ ju eyín lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ rẹ̀ gbé omi gbígbóná síwájú rẹ̀, ó sì béèrè ẹni tó kọ́kọ́ rẹ̀ nínú wọn. Bàbá ní òun ni, pé àwọn ọkùnrin ìsinsìnyí lágbára. Oúnjẹ jinná, ọmọ sì fẹ́ wọ yàrá lọ jí ọkọ rẹ̀ kó wá bá Bàbá jẹun, nítorí kò bójú mu kí àna máa sùn kí bàbá ìyàwó máa dá jẹun.

“Fi í sílẹ̀,” ni Bàbá wí. “Ààrò ò mọ àna.”

Ó dìde, ó rọra fa ilẹ̀kùn yàrá náà dé, ó sì tiro padà sídìí omi rẹ̀.